Ìbọn Tuntun Lọ́wọ́ Ọdẹ: Àbùkù Ojú àti Àbùkù Ara

Ìbọn tuntun kì í ṣe ohun tí ọdẹ ń rà lọ́dọọdún. Owó àgbàdo, owó ẹ̀gẹ́ àti owó ẹran ìgbẹ́ tó ti ń tù jọ láti ìgbà pípẹ́ ló máa ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kì í fi gba gbẹ̀rẹ́. Ibi tí dúdú ara ọ̀pá kò ti dọ́gba, ìlà tínrín lára rọ́bà, àlàfo láàárín igi àti irin, gbogbo rẹ̀ ni yóò ti rí kó tó délé. Ní gbogbo ilẹ̀ Kétu, láti inú ìlú Kétu fúnra rẹ̀ títí dé Ìlíkímù, Adakplamè àti Idigny, mo ti rí àwọn ọdẹ tí wọ́n ń bá oníṣòwò fa ọ̀rọ̀ nítorí ibi tó họ lára ìbọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì fojú wo inú ọ̀pá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí ewu wà, èèyàn ní láti wá a kó tó rí i, ìyẹn sì ni iṣẹ́ orí yìí.

Irú ìbọn mẹ́ta ni a máa yẹ̀ wò. Èkíní ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, yálà onígi tàbí onírọ́bà. Èkejì ni ìbọn ìléwọ́ onírọ́bà. Ìyẹn kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Ọwọ́ ọlọ́pàá, ọmọ ogun àti ẹni tí òfin bá fún láyè ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni a ti lè rí ìṣe rọ́bà yìí kedere jù, nítorí náà a óò yà síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń ṣe.

Kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò

Ẹ ṣí ìbọn náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pá, ibi tí ọta ń wọ̀, kí ẹ sì fi ìka kékeré kàn án bóyá ó ṣófo lóòótọ́. Bí oníṣòwò bá ti ṣí i lójú yín, tó sì ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ tún un ṣe fúnra yín. Ilẹ̀ ni kí ẹnu ìbọn máa wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yí i sọ́tùn-ún sósì, nítorí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣófo, àwọn ọmọdé a sì máa dúró síbi tí a kò rò. Ọta kankan kò gbọdọ̀ sí lórí tábìlì tí ẹ ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ńbà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, tí à ń pè ní CEDEAO lọ́dọ̀ wa ní Benin, fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, sọ pé ìbọn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ ẹni tó ṣe é, ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà ara ọ̀pá àti èyí tó wà lára àpótí irin tí ọ̀pá so mọ́ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kí méjèèjì sì bá ìwé mu. Bí ojú irin níbi nọ́ńbà bá ń dán ju gbogbo ara yòókù lọ, tàbí tó jìn wọnú díẹ̀, tàbí tí ọ̀dà nípọn síbẹ̀, ẹ má ṣe kà á sí àbùkù ojú. Ẹnìkan ti fi fáìlì tàbí sáńpépà kan ibẹ̀. Ẹ dá ìbọn náà padà fún ẹni tó ni ín, kí ẹ sì máa lọ. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè mú kí irú rẹ̀ dára láti rà, torí ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá a ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò wà. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ààlà. Ìlárá wà lórí ààlà gan-an, Ìmẹ̀kọ kò sì jìnnà sí i ní ìhà Nàìjíríà. Ìbọn tí kò ní ìwé kì í pẹ́ kó tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Rọ́bà líle

Igi ni ìdí ìbọn láti ayébáyé. Ní 1959 ni ilé-iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn kan tí wọ́n pè ní Nylon 66, tó jẹ́ pé náílọ́nù líle ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Ní 1970 ni Heckler & Koch ní Jámánì gbé ìbọn ìléwọ́ onírọ́bà tiwọn jáde, VP70. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Gaston Glock, ará Ọ́stríà, ló wá sọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ gba Glock 17 wọlé ní 1982. Láti ìgbà náà ni rọ́bà líle, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pọ́límà, ti ń wọ inú ìbọn ọdẹ náà. Baikal ẹlẹ́nu kan tí wọ́n ń ṣe ní Izhevsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà ní onígi, ó sì wà ní onírọ́bà.

Àwọn àgbà ọdẹ kan kò fẹ́ fojú rí i. Èmi kò bá wọn jà lórí ẹwà, ṣùgbọ́n lórí iṣẹ́, mo mọ ibi tí mo dúró sí. Rọ́bà kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́, òjò àkọ́rọ̀ kì í mú un wú kọjá ààlà, ọyẹ́ kì í sì í là á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á yọ́ náílọ́nù, tí wọ́n sábà máa ń da okùn gíláàsì tó rí wínníwínní mọ́, wọ́n á sì fi agbára tì í wọnú mọ́ọ̀dù irin tó jẹ́ abala méjì. Tó bá tutù, wọ́n á la mọ́ọ̀dù náà, wọ́n á yọ ọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń ba ẹni tó ra rọ́bà tuntun nínú jẹ́ ti ń wá. Ìlà tínrín tó gba àárín ìdí ìbọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí abala mọ́ọ̀dù méjèèjì ti pàdé ni. Àmì róbótó kékeré tó jọ ibi tí wọ́n gé nǹkan kúrò, ẹnu ọ̀nà tí rọ́bà yíyọ́ gbà wọlé ni. Ibi tó jìn díẹ̀ níbi tí rọ́bà ti nípọn, ojú ló kọ́kọ́ le, inú wá sún kì nígbà tó ń tutù. Ibi tí dúdú rẹ̀ ti yàtọ̀ tó sì ṣe bí omi tó ṣàn kọjá, ibi tí ìṣàn rọ́bà méjì ti bára wọn pàdé nínú mọ́ọ̀dù ni. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó máa mú kí ìbọn má yìn, tàbí kó yìn nígbà tí kò yẹ.

Bí ìlà ìpàdé náà bá ga tó fi ń họ àtẹ́lẹwọ́, ẹ lè fi sáńpépà tó kúná jù lọ rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ níbi tí ọwọ́ ń dì mú, lẹ́yìn tó bá ti dá yín lójú pé ẹ kò ní dá ìbọn náà padà. Ojú ibẹ̀ yóò yàtọ̀ sí ti ibòmíràn títí lọ, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe kan ibi tí rọ́bà ti pàdé irin.

Nísinsìnyí, èyí tó jẹ́ àbùkù ara. Ẹ mú ìbọn tó ṣófo náà lọ sínú oòrùn. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ ìdìmú, ibi tí ìdí ìbọn ti so mọ́ irin, àti àyíká ihò súkúrúù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ibi tó funfun bí eérú lára rọ́bà dúdú, pàápàá tó bá tò lọ bí ìlà, rọ́bà náà ti tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbọn náà já bọ́ lójú ọ̀nà, tàbí pé wọ́n fún súkúrúù jù. Ẹ fi epo díẹ̀ nù ún. Eruku á kúrò. Funfun tó ti inú wá kò ní kúrò. Láti ibẹ̀ ni yóò ti sán lọ́jọ́ kan, ìyẹn sì máa ń jẹ́ nígbà tí ìbọn bá ta èjìká sẹ́yìn. Bákan náà ni kí ẹ dúró sẹ́yìn ìbọn, kí ẹ wò ó gba orí ìdí lọ sí ẹnu: bí ìdí rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, rọ́bà ti lọ́ nínú mọ́ọ̀dù tàbí nínú ooru ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí. Ìyẹn kì í bú, ṣùgbọ́n ẹran á máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ láìmọ ohun tó fà á.

Ti ìbọn ìléwọ́

Ẹni tí òfin fún ní ìbọn ìléwọ́ onírọ́bà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀ ni àlàfo. Orí irin rẹ̀, tó ń lọ síwá-sẹ́yìn, kì í jókòó dọ́gba lórí rọ́bà: àlàfo ọwọ́ iwájú a máa fẹ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, ti ọ̀tún a sì máa yàtọ̀ sí ti òsì. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ mì í, á mì díẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé wọ́n ṣe é ní wàràwàrà.

Ara rọ́bà kọ́ ni orí irin náà ń gùn. Nínú Glock, etí irin kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n sin mọ́ inú rọ́bà ló ń gbé e, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Àlàfo tí ojú ń rí láàárín rọ́bà àti irin kò kan iṣẹ́ àwọn etí wọ̀nyẹn. Wọ́n sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín irin àti irin pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀, kí iyanrìn, èéfín ètù àti òógùn má baà dá a dúró. Ohun tó tọ́ láti wò ni bóyá orí náà ń padà síwájú pátápátá fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fà á sẹ́yìn tí ẹ sì fi sílẹ̀, bóyá ilé ọta ń wọlé tó sì ń há, tó sì ń jáde láìfà á tipátipá, bóyá àmì ìfojúsùn wà láàárín, bóyá àwọn etí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní pípé, kò sí èyí tó sán tàbí tó tẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n sin mọ́ rọ́bà. Bí irin náà bá ń mì tàbí tí rọ́bà àyíká rẹ̀ bá ti yọ́, ẹ dá a padà kíákíá.

Èéfín dúdú nínú ọ̀pá tuntun náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó rà á á ní alòkù ni wọ́n tà fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìbọn kì í kó ìbọn jáde láìyìn ín wò, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìbọn tuntun ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí. Ìlà dídán díẹ̀ lórí ọ̀pá, níbi tí irin ti ń fara ra irin, ibi ìdánwò kan náà ló ti wá.

Igi, òjò àti ọyẹ́

Ọ̀rọ̀ igi yàtọ̀, torí igi kò jáwọ́ nínú mímu omi àti títu omi sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Igi tí wọ́n gbẹ́ ní Yúróòpù tàbí Rọ́ṣíà, tí wọ́n kó gba orí òkun dé Kùtọnù, tó wá gòkè wá sí Kétu lásìkò ọyẹ́, yóò sún kì. Àlàfo á yọ láàárín igi àti irin, súkúrúù tó fún lánàá á tú lónìí. Ẹ má tíì pariwo. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àlàfo yẹn yóò pa dé. Ẹni tó bá sáré fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí i nínú ọyẹ́, igi rẹ̀ kò ní rí àyè wú sí nígbà òjò, yóò sì sán. Ohun tó yẹ ni kí ẹ fún súkúrúù náà padà díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ wò nígbà òjò.

Ẹ tún máa rí i pé igi sábà máa ń ga ju irin lọ díẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tó bá tún fáníìṣì rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ iwájú lè rí ohun tó máa rẹ́ kúrò.

Ìlà ara igi àti ibi tó sán a máa jọra. Ẹ fi epo tínrín kan ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó mu ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún dáadáa. Ìlà ara igi á dúdú díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara yòókù. Ibi tó sán á di epo mú, á sì dúró bí okùn dúdú kan ṣoṣo. Bí ẹ bá sì fọwọ́ tẹ ìdí ìbọn díẹ̀, epo á yọ jáde níbẹ̀. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe èyí kò pọ̀: ẹ̀yìn àpótí irin, níbi tí igi ti tín-ín-rín jù, tí ìtasẹ́yìn ìbọn sì ń lù. Bí ibẹ̀ bá sán, kì í dúró lójú kan. Yíyìn kọ̀ọ̀kan ló ń sún un síwájú. Èyí tó sán ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́bàá rọ́bà rírọ̀ tó kan èjìká, oníṣọ̀nà rere lè tún un ṣe.

Dúdú ara irin

Dúdú tó wà lára ọ̀pá kì í ṣe ọ̀dà. Ìpẹtà kan ni, èyí tí oníṣẹ́ fi kẹ́míkà àti ooru darí, tó dúdú, tó sì lẹ̀ mọ́ irin. Irin tó yàtọ̀ sí ara wọn kì í gbà á bákan náà, nítorí náà ọ̀pá lè dúdú bí aró, kí àpótí irin rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn olówó ńlá ló rí bẹ́ẹ̀. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ tó rẹ́ irin fi sílẹ̀ nínú àpótí, níbi tí ojú kì í dé, kò sọ nǹkan kan ju pé wọn kò ná owó lórí dídán ibẹ̀. Ìbọn tó rọjú lówó ni ẹ rà, ibẹ̀ ni wọ́n ti dín owó náà kù.

Ìpẹtà pupa ni ọ̀tá. Tó bá jẹ́ ojú lásán ló wà, tó sì nù pẹ̀lú àkísà àti epo, ó ti parí. Bó bá ti gbẹ́ ihò kéékèèké sínú irin, pàápàá nínú ọ̀pá lẹ́bàá ibi tí ọta ń wọ̀, ẹ má gba ìbọn náà ní tuntun.

Ìbọn tuntun a máa dé pẹ̀lú gíríìsì tó nípọn lára àti nínú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ nù ún kúrò nínú ọ̀pá pátápátá kí ẹ tó yìn ín rárá, torí ohun tó bá dí ọ̀nà ọta lè mú ọ̀pá wú tàbí kó bú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi epo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà, fọ̀ ọ́. Kpayo á kó gíríìsì lọ lóòótọ́, á sì tún kó gbogbo ọ̀rá tó ń dáàbò bo irin lọ pẹ̀lú. Tí òjò bá rọ̀ lóru ọjọ́ náà, ìpẹtà á ti yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá jẹ́ òun náà lẹ ní, ẹ lò ó níta, níbi tí kò sí iná, kí ẹ sì fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa gbogbo irin náà lójú ẹsẹ̀. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní gbogbo ọjà wa, ó mọ́, kì í lẹ̀. Ẹ má fi epo pupa tàbí àdín sínú àpótí irin: wọ́n á gbó síbẹ̀, wọ́n á le, wọ́n á sì mú sípíríǹgì lọ́ra.

Ibi tí ewu wà

Èyí ni kí ẹ fi àsìkò sí jù. Ẹ bọ́ ọ̀pá kúrò lára ìdí rẹ̀, kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe sí oòrùn gan-an, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ á tò nínú ọ̀pá bí òrùka tó wà nínú òrùka. Bí gbogbo òrùka náà bá yípo dọ́gba, ọ̀pá náà tọ́. Bí wọ́n bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti tẹ̀. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí òjìji kékeré tó rí bí oṣù tuntun bá yọ níbì kan, ọ̀pá ti kọ́ wọnú níbẹ̀. Bí òjìji náà bá yí gbogbo inú ká, ó ti wú. Ẹ fi ìka méjì fa ìta ọ̀pá náà láti ẹ̀yìn dé ẹnu pẹ̀lú ojú dídì, ọwọ́ yín á rí ohun tí ojú kò rí. Ibi tó kọ́ wọnú lára ọ̀pá lè dà bí ohun kékeré, kó má tilẹ̀ ba dúdú rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe àbùkù ojú. Ọ̀pá ìbọn ẹlẹ́nu kan tín-ín-rín níwájú, kò sì gbọdọ̀ ní ibi tí ọta á ti kọsẹ̀.

Ẹ tún so ó padà, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì fi igi abẹ́ ọ̀pá sí i. Igi yẹn àti sípíríǹgì rẹ̀ ló máa ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé ó tú. Ẹ pa ìbọn náà dé, ẹ mú un níbi ìdìmú, kí ẹ mì í. Ìbọn tuntun tó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ níbi tó ti ń ṣẹ́ kì í ṣe tuntun, tàbí kó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò pé. Ẹ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ síwájú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń kọjá láàárín ẹ̀yìn ọ̀pá àti ògiri irin tó fara tì. Kò yẹ kí ẹ rí i.

Bó bá kù díẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ ṣe bí àwọn oníṣẹ́ ìbọn ti ń ṣe. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀pá nìkan, èyí tí ẹ ti bọ́ kúrò, sókè ọwọ́ iná àbẹ́là títí èéfín á fi dì mọ́ ọn ní dúdú tínrín. Ọ̀pá tí ẹ ti nù gbẹ pátápátá ni, kì í ṣe èyí tí kpayo ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá tutù, ẹ so ó, ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣí i. Ibi tí dúdú bá ti yí mọ́ ògiri irin ni ibi tí méjèèjì ti ń kan ara wọn. Bó bá yí mọ́ ọn káàkiri, ó dára. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló yí, gbogbo agbára ètù yóò máa dá lé ibi kékeré yẹn.

Fún ẹlẹ́nu méjì, ìdánwò mìíràn wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ẹ fi okùn gbé ọ̀pá méjèèjì kọ́ láti ìkọ́ abẹ́ wọn, kí ẹ fi egungun ìka lù ú. Òjé ni wọ́n fi lẹ ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Bí òjé náà bá di gbogbo rẹ̀ mú, ọ̀pá á dún gooro bí agogo, ohùn náà á sì pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá dún jàgàjàgà, òjé ti tú níbì kan. Nítorí òjé yìí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbé ọ̀pá ẹlẹ́nu méjì fún ẹnikẹ́ni pé kó fi iná tún dúdú rẹ̀ ṣe.

Lábẹ́ ọ̀pá, lẹ́bàá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá àmì ìdánwò. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò; 1672 ni ilé ìdánwò wọn bẹ̀rẹ̀. Saint-Étienne ní Faransé ní tirẹ̀, níbi tí Manufrance ti ṣe ọ̀pọ̀ ìbọn tí bàbá àwọn kan nínú wa lò. Láti 1914 ni àjọ CIP ti ń mú ìlànà àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí bára mu, Rọ́ṣíà sì wà nínú rẹ̀. Fún ìbọn kàlíbà 12 lásán, agbára tí ọta kò gbọdọ̀ kọjá ni 740 bar. Wọ́n á fi 930 bar dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó lu àmì sí i. Lẹ́bàá àmì yìí ni ẹ ó ti rí gígùn ibi tí ọta ń wọ̀, bíi 70 tàbí 76 mìlímítà. Kátíríìjì tí wọ́n kọ 76 sí kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀pá 70, bó tilẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

Ṣakabùlà

Ìtàn Kétu bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ: Alálùmọ̀ ni ìtàn sọ pé ó fi ọ̀nà han Alákétu Èdè nígbà tó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ̀ láti Aró. Ìbọn kò tíì sí nígbà náà. Nígbà tí Dàhọ̀mì fi sàga ti ìlú náà tó sì fọ́ ọ ní 1886, ìbọn ti gba ojú ogun kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní 1890, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí Ìwé Àdéhùn Brussels, tó fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, àmọ́ tó fi ìbọn olókùúta-iná sílẹ̀. Èyí wà lára ohun tó mú kí ṣakabùlà wà lọ́wọ́ ọdẹ wa títí di ìsinsìnyí, àti ìdí tí ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ fi dúró sí ilé arọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, nítorí náà ẹ má wá ojú tó dọ́gba níbẹ̀. Ìlà fáìlì, igi tí ọ̀bẹ ṣì hàn lára rẹ̀, súkúrúù tí kò bára mu, gbogbo ìyẹn ni ìwà rẹ̀. Mo ka àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe é sí ọlọ́wọ́ ọnà, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìdánwò tó fi àmì sí i, ẹ̀mí ọdẹ ló ń dán an wò. Ohun tí mo bẹ̀ kí ẹ wò ni ohun tí ẹwà lè bò mọ́lẹ̀: òrùka idẹ, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá, awọ, ọ̀dà tó nípọn. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ léèrè ohun tó wà lábẹ́ wọn, kí ẹ sì ní kó tú u kí ẹ rí i. Bí èéfín dúdú bá ń jò jáde ní ẹ̀yìn ọ̀pá yàtọ̀ sí ibi tí iná ń gbà wọlé, ẹ má yìn ín mọ́. Ẹni tó bá rí owó ra èyí tó ní àmì ìdánwò àti ìwé, kó rà á.

Bí ẹ bá rí àbùkù

Bó bá jẹ́ ti ojú, ẹ sọ ọ́ nígbà tí owó ṣì wà lápò yín, kí ẹ fi gé owó. Kò sí oníṣòwò tó lè bínú sí ẹni tó ní “Ẹ wò ó, bàbá, ibí yìí họ, ẹ bá mi mú nǹkan kúrò nínú rẹ̀.” Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e délé, tó sì ti dógbẹ́ nínú ìgbẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rà á.

Bó bá jẹ́ ti ara, ẹ má fi fáìlì kàn án, ẹ má kùn ún, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí nọ́ńbà ìbọn hàn nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, kí ẹ sì dá a padà pẹ̀lú ìwé rẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́. Ọwọ́ tó bá ti kàn án ni wọ́n máa di ẹ̀bi rù.

Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ yìn ín níwọ̀nba níbi tí òfin gbà, kí ẹ sì tún padà wo àwọn ibi kan náà: ẹ̀yìn ọwọ́ ìdìmú, àyíká súkúrúù, ibi tó ti ń ṣẹ́, inú ọ̀pá. Dúdú á ti máa ṣí níbi tí okùn èjìká ń fara rà àti lẹ́nu ọ̀pá tó ń wọ inú àpò. Ẹ fi epo pa á, kí ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà funfun bá ti yọ lára rọ́bà tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, tàbí tí ìbọn tí kò mì tẹ́lẹ̀ bá ti ń mì, ẹ kó ọta kúrò nínú rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ síbi tí ọmọ kò lè dé, kí ẹ sì wá oníṣẹ́ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ kí ẹ tó tún gbé e wọ igbó.